Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Dán Àlùmíníọ̀mù Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Ìgbẹ́tì, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ilé. Òkè Agbelé àti Òkè Ìyámọ̀pó dúró gbagidi ti ìlú, dúdú, bí ẹni ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òkúta tó gbé orúkọ Ìgbẹ́tì dé ọjà kì í ṣe dúdú yẹn. Òkúta funfun ni, mábù, èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀, tí wọ́n ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń ṣe ilẹ̀ tẹ̀ràsò, tí wọ́n sì tún ń lọ̀ kúnná bí èlùbọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni orí yìí fẹ́ sọ, àmọ́ ẹ fi òkúta méjèèjì, dúdú àti funfun, sọ́kàn. A óò padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo ní Mercedes kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-boot, tí mo ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé. Ó ti pẹ́ lórí ìdúró kí n tó rà á. Nígbà tí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìdérí àlùmíníọ̀mù tó bo orí ẹ́ńjìnnì ti rí bí eérú ààrò. Ọ́ìlì gbígbẹ dì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn àmì funfun kéékèèké sì sú sí i lára bí ìyẹ̀fun tó ta sílẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà pẹ̀lú mi wò ó, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi péńtì sílífà kùn ún, ó ti parí." Ìmọ̀ràn tó yá ni. Ṣùgbọ́n péńtì tí a bá kùn lé ọ́ìlì lórí kì í pẹ́ hó tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Mo tú ìdérí náà, mo gbé e lé itan lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rin dán an. Ẹ̀rọ kankan kò bá mi ṣe é, nítorí iná mànàmáná wa kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọwọ́, omi, kẹrosíìnì àti sáńpépà ni.

Kí á tó fi sáńpépà kan ohunkóhun, ó yẹ kí á mọ ẹni tí a ń bá ṣiṣẹ́. Àlùmíníọ̀mù kì í dúró níhòòhò. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ báyìí: ibi tí ẹ họ yóò dán yinrin, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti bò ó padà. Awọ tó fi bo ara rẹ̀ yìí fẹ́lẹ́ kọjá ohun tí ojú lè rí. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré nínú rẹ̀ ni awọ náà nípọn tó. Irin lásán náà ń bá ọ́síjìn pàdé, ṣùgbọ́n ìpẹta tirẹ̀ a máa wú, a máa ré bọ́, omi a sì rí ọ̀nà wọ ìsàlẹ̀ títí irin náà yóò fi jẹrà tán. Ti àlùmíníọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ìdí nìyí tí ìkòkò àlùmíníọ̀mù fi ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ láìlu.

Ọ́síjìn kan náà yìí ló sọ àlùmíníọ̀mù di ohun ọ̀wọ́n láyé ijọ́un. Inú ilẹ̀ ló pọ̀ sí, àní nínú ilẹ̀ pupa tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ́síjìn kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ní 1884, nígbà tí wọ́n parí ọwọ̀n ìrántí Washington ní Amẹ́ríkà, àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi dé e lórí. Kò tó kílò mẹ́ta, wọ́n sì kà á sí ohun ọ̀ṣọ́, torí iye rẹ̀ nígbà náà sún mọ́ ti fàdákà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1886, Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, láìmọ ara wọn, rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná fa àlùmíníọ̀mù yọ lọ́wọ́ ọ́síjìn. Láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ ti ń já wálẹ̀, tó fi di ohun tí a ń fi se ọbẹ̀, tí a sì ń dà sínú mọ́ọ̀dì fún orí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà.

Ẹ wá wo ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Friedrich Mohs, ará Jámánì, ló gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1812 láti fi mọ òkúta tó lè họ èkejì. Dáyámọ́ńdì ló wà lókè pátápátá, ní 10. Òkúta iyebíye pupa tí wọ́n ń pè ní rúbì wà ní 9, ẹbí kan náà ni awọ àlùmíníọ̀mù tí a ń sọ yìí pẹ̀lú rẹ̀, ẹbí yìí náà sì ni wọ́n fi ń ṣe hóró tó wà lára ọ̀pọ̀ sáńpépà. Hóró yanrìn tó ń wó wálẹ̀ lára àwọn òkè dúdú wa, èyí tó ń kọ mọ̀nà tí oòrùn bá tàn sí i, wà ní 7. Mábù Ìgbẹ́tì wà ní bíi 3. Àlùmíníọ̀mù fúnra rẹ̀, lábẹ́ awọ rẹ̀, kò tó 3, ó dín díẹ̀. Bí ẹyin ló rí: inú rẹ̀ rọ̀, èèpo rẹ̀ le. Èèpo náà kàn tín-ín-rín débi pé bí a bá ti tẹ nǹkan mọ́ ọn, yóò fọ́ wọnú ara tó rọ̀ lábẹ́.

Kí wá ló ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣú? Àwọn kan rò pé dídán jẹ́ ohun tí a ń kùn lé nǹkan lórí, bí òróró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀. Àlùmíníọ̀mù tí ojú rẹ̀ tẹ́jú a máa dá bíi 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà. Bí ojú náà bá kún fún kòtò àti gegele, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni yóò padà, ṣùgbọ́n yóò fọ́n ká síbí sọ́hùn-ún, ohun tí ojú wa yóò sì rí ni eérú. Ìbéèrè tó kàn ni pé báwo ni kòtò ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó kí ìmọ́lẹ̀ má baà kà á sí. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí gùn ní 0.4 sí 0.7 máíkírọ́ọ̀nù. Máíkírọ́ọ̀nù kan ni mílímítà kan tí a pín sí ọ̀nà 1000. Hóró tó wà lára sáńpépà nọ́ńbà 220 tó bíi 68 máíkírọ́ọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó irun orí. Ti nọ́ńbà 400 jẹ́ 35, ti 800 jẹ́ 22, ti 2000 jẹ́ 10. Gbogbo iṣẹ́ dídán kò ju kí á máa fi ìlà kékeré pa ìlà ńlá rẹ́ lọ, títí ìlà tó kù yóò fi kéré sí ìgbì ìmọ́lẹ̀. A ò fi ohunkóhun kún un, ńṣe là ń yọ kúrò.

Ìwẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́ìlì kúrò, mo fi Omo àti omi gbígbóná tún un fọ̀, mo sì sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ni mo fi àkísà dí gbogbo ihò rẹ̀, ní pàtàkì abẹ́ rẹ̀ tó ní àwọn kọ̀rọ̀ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ẹ má fojú di èyí. Hóró sáńpépà kan tó bá há sí kọ̀rọ̀ náà yóò bá ọ́ìlì lọ sínú ẹ́ńjìnnì, hóró tó wà ní 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs sì ni, kò sí ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn tí kò lè họ. Ọkọ̀ tí ìdérí rẹ̀ dán tí inú rẹ̀ ń dún kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ.

Àlùmíníọ̀mù tí a dà sínú mọ́ọ̀dì máa ń ní ojú ṣákiṣàki bí èèpo ọsàn, a sì máa ní ilà gígùn níbi tí mọ́ọ̀dì méjì ti pàdé. Mo fi fáìlì gé ilà náà wálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà 120, lẹ́yìn náà 220. Fún ibi tó tẹ́jú, mo gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì àlòkù kan, mo fi sáńpépà wé e. Ìka ọwọ́ lásán kò dára níbẹ̀: egungun ìka a máa tẹ ojú kan ju òmíràn lọ, yóò gbẹ́ poro sí i láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Rọ́bà sílípáàsì rọ̀, síbẹ̀ ó tẹ́. Ní ibi tó rí roboto, ẹ lè fi ìka, ṣùgbọ́n ẹ máa yí ìka padà.

Omi ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí sáńpépà bá gbẹ, àlùmíníọ̀mù tó rọ̀ yóò yí mọ́ àárín hóró rẹ̀, yóò di kókó, kókó náà yóò sì máa fa ilà tó jìn ju èyí tí ẹ ń pa rẹ́ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìró ọwọ́ yín yí padà láti ṣìì-ṣìì sí ìró tó ń ha létí, ẹ dúró, ẹ fọ sáńpépà náà.

Ibí yìí ni mo ti ṣàṣìṣe. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ń dùn mí, mo sì fo láti 220 bọ́ sí 600. Lábẹ́ máńgòrò, nírọ̀lẹ́, ó dán, inú mi dùn, mo gbé e wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbé e síta nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ìtànṣán rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀. Gbogbo ìlà 220 dìde bí ebè oko tuntun. Ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì yọjú wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Hóró 600 ti kéré jù láti dé ìsàlẹ̀ poro tí 220 gbẹ́. Orí ebè nìkan ló ń dán, poro ṣì wà níbẹ̀. Mo padà sí 320, ọjọ́ kan gbáko sì lọ sí i.

Ọgbọ́n tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ irú èyí kò ṣòro. Bí 220 bá lọ ní òòró, kí 320 lọ ní ìbú, kí 400 tún padà sí òòró. Tí ẹ bá ń fi 320 ṣiṣẹ́ ní ìbú, ìlà òòró kankan tí ẹ bá ṣì rí jẹ́ ti 220, kò sì gbọdọ̀ kù ẹyọ kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí mo sọ yẹn ló bá mi ṣọ́ ìlà láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. 320, 400, 600, 800, 1000, 1500, 2000: bí mo ṣe tò ó yìí ni mo ṣe é. Láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, ẹ fi omi tuntun fọ ìdérí náà àti ọwọ́ yín, nítorí hóró 320 kan ṣoṣo tó bá kù lábẹ́ èékánná lè ba iṣẹ́ 1500 jẹ́.

Ó ṣòro láti dán ìdérí tí a dà títí yóò fi rí bí dígí, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kí ọkàn yín má baà bàjẹ́. Àwọn tó ń dà á máa ń po sílíkọ́ọ̀nù mọ́ àlùmíníọ̀mù, kó lè ṣàn dáadáa wọ gbogbo igun mọ́ọ̀dì. Sílíkọ́ọ̀nù yìí le ju àlùmíníọ̀mù lọ fíìfíì, nítorí náà kì í jẹ bákan náà lábẹ́ sáńpépà, ó sì máa ń fi àwọ̀ eérú díẹ̀ sára dídán náà. Dídán tó jinlẹ̀, tó rọra, tó sún mọ́ ti fàdákà tí wọ́n ti lò pẹ́, ni ti ẹ́ńjìnnì. Lójú tèmi, ó lẹ́wà ju dídán kúrómù lọ. Àwọn ihò kéékèèké tí ìpẹta funfun jẹ sí i nkọ́? Èyí tó bá jìn, ẹ fi sílẹ̀. Kí á máa fá gbogbo ojú wálẹ̀ nítorí ihò mẹ́ta, ìnáwó ara lásán ni.

Lẹ́yìn 2000 ni ọ̀rọ̀ kan ọṣẹ ìdán. Àwọn pénítà ọkọ̀ ń lo rọ́bìn kọ́mpáùn, àwọn mìíràn ń ra Autosol, àwọn ọmọ Bọ́ìsì Bìrìgéèdì sì mọ Brasso tí wọ́n fi ń dán bọ́tìnnì àti bẹ́líìtì. Gbogbo wọn ni hóró kíkúnná wà nínú wọn. Ìgbà tí mo ń wá owó láti ra èyí tó dára ni mo rántí òkúta funfun ìlú wa.

Mábù jẹ́ kálísíọ̀mù kábọ́nétì, tí mágínísíọ̀mù máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Irú kálísíọ̀mù kábọ́nétì yìí ni wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín. Ó wà ní bíi 3, àlùmíníọ̀mù sì kù díẹ̀ kó tó 3. Ẹ rí i pé ó ṣe rẹ́gí: ó le díẹ̀díẹ̀ ju ohun tí a fẹ́ dán lọ, tí kò fi lè gbẹ́ poro sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun mábù tí a bá bù nílẹ̀ níbi iṣẹ́ ní hóró kékeré, hóró ńlá àti yanrìn òkè dúdú nínú, yanrìn tó wà ní 7. Hóró yanrìn kan péré, ilà kan láti orí dé ẹsẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta ògì ládùúgbò wa ló yanjú rẹ̀ láìmọ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń sẹ́ ògì, tó ń da omi sí i, tó ń fi aṣọ sẹ́ eèrí kúrò, tó sì ń fi ohun tó kù sílẹ̀ kó tòrò. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí ti ìsàlẹ̀ ìkòkò fi máa ń rí ṣákiṣàki ju ti òkè lọ?" Ó ní, "Èyí tó wúwo ló ń kọ́kọ́ jókòó. Kíkúnná ń pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀." George Stokes ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní 1851: bí hóró kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin èkejì, ìlọ́po 16 ni yóò fi yára já sísàlẹ̀ omi. Hóró mábù tó fẹ̀ tó 50 máíkírọ́ọ̀nù kò gba ìṣẹ́jú kan láti rìn sẹ̀ǹtímítà 10 nínú omi. Èyí tó fẹ̀ tó 20 gba bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀. Èyí tí kò ju 5 lọ gba wákàtí kan ó lé.

Nítorí náà mo fi aṣọ sẹ́ ìyẹ̀fun mábù bí ẹni sẹ́ ògì, mo dà á sínú abọ́ omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, mo rò ó pọ̀, mo sì ka ìṣẹ́jú márùn-ún lórí fóònù. Omi funfun tó kù lókè ni mo rọra dà sínú abọ́ mìíràn, mo da ìsàlẹ̀ nù, yanrìn sì bá a lọ. Mo fi abọ́ kejì sílẹ̀ di àárọ̀. Ohun tó jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ dà bí ògì tòótọ́: funfun, kúnná, ó ń yọ̀ láàárín ìka, ẹ ò ní gbọ́ ìró hóró kankan bí ẹ bá fi àtàǹpàkò fún un létí yín. Mo fi kẹrosíìnì díẹ̀ pò ó, mo fi aṣọ òwú àlòkù mú un, mo sì ń yí i roboto roboto lára ìdérí náà.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, aṣọ náà dúdú bí èédú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí i yóò ní ìdọ̀tí ló ń jáde, wọn yóò sì máa fọ aṣọ náà lérò pé àlùmíníọ̀mù kò tíì mọ́. Ìdọ̀tí kọ́. Àlùmíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá ti fọ́ sí hóró kíkúnná báyẹn, ìmọ́lẹ̀ wọ àárín rẹ̀, ó sọnù síbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ohun kan náà ló ń dán lára ìdérí tó sì ń dúdú lára aṣọ. Dúdú yẹn ni kí ẹ máa wá: tí aṣọ bá dẹ́kun dídúdú, ẹ bu ìyẹ̀fun tuntun. Ìgbà tí mo rí òjìji ewé máńgòrò nínú ìdérí náà ni mo gbé aṣọ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mo fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí eérú wà nílé ìdáná. Eérú igi ní póńtáṣì nínú, póńtáṣì sì ń jẹ awọ àlùmíníọ̀mù. Bí ìkòkò àlùmíníọ̀mù ṣe ń dúdú nínú tí a bá fi eérú ha á pẹ́ nìyẹn. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti àjàgbọn jẹ́ òdìkejì póńtáṣì, kíkan ni wọ́n, wọ́n sì lè mú àbàwọ́n fúyẹ́ díẹ̀ kúrò bí a bá tètè fi omi ṣan án. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì sódà àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó kan ẹ́ńjìnnì. Ó ń jẹ àlùmíníọ̀mù fúnra rẹ̀, kì í ṣe awọ nìkan, ó ń gbóná, ó sì ń tú háídírójìn jáde, afẹ́fẹ́ tó ń gbiná bí ìbọn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ibi ni a ń dán. Ojú tí orí ẹ́ńjìnnì fi ń bá búlọ́ọ̀kù pàdé, níbi tí gáskẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn tó lo Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 mọ ìtàn yìí dáadáa: orí rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ̀mù, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ irin. Tí omi bá tán nínú rédíétọ̀, tí ẹ́ńjìnnì gbóná kọjá ààlà, àlùmíníọ̀mù ń fẹ̀ ní bíi ìlọ́po méjì irin, orí a sì wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ni a ń gbé e lọ kí wọ́n sìkímù rẹ̀. Sáńpépà àti ọwọ́ kò lè mú un tẹ́jú.

Bákan náà, abẹ́bẹ̀ tó yí sìlíńdà ọ̀kadà ká, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe rí. Àlùmíníọ̀mù tó dán dáadáa kì í tètè tú ooru jáde nípa ìtànṣán. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtutù níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sídìí láti gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gààrí kan láti oko wálé.

Volkswagen ìjàpá ló tún léwu jù. Àwọn ọkọ̀ náà ṣì kù síbi tó kù sí, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń gbé wọn jáde láti tún wọn ṣe. Ikùn ẹ́ńjìnnì wọn kì í ṣe àlùmíníọ̀mù. Mágínísíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, eruku mágínísíọ̀mù sì ń gbiná pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun tó lè fọ́ ojú. Bí wọ́n bá da omi sí i, ńṣe ni yóò pọ̀ sí i. Yanrìn gbígbẹ ni a fi ń pa á. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà níwájú yín, ẹ họ ibì kékeré kan, kí ẹ kán fíníígà sí i. Mágínísíọ̀mù yóò hó lójú ẹsẹ̀, àlùmíníọ̀mù kò ní ṣe bí ẹni gbọ́.

Eruku àlùmíníọ̀mù pàápàá kì í ṣe ohun eré. Bí eruku rẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ìpẹta irin tí iná sì ṣẹ́ sí i, ooru tó ń jáde ju 2000 sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ. Hans Goldschmidt, ará Jámánì, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ láàárín 1890 sí 1900, wọ́n sì ń fi í jó irin ojú-irin rélùwéè pọ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìlọ̀ irin, kó má ṣe fi àlùmíníọ̀mù kan òkúta kan náà tó fi ń lọ irin. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọwọ́ àti omi: eruku tó rin kì í fò, kì í wọnú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í gbiná.

Nígbà tí a ti dá ìdérí náà padà sórí ẹ́ńjìnnì tí a sì ti fún bóòtù rẹ̀ le, ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí n fi òrí pa á kó má baà ṣá. Òrí pọ̀ ní agbègbè Òkè-Ògùn tiwa, ó sì dára fún ohun tí ẹ bá tọ́jú sórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ń gbóná dé bíi 90 sẹ́lísíọ́ọ̀sì, òrí ti yọ́ kí ó tó dé 50, ìda oyin pàápàá ń yọ́ ní bíi 63. Wọn yóò ṣàn lọ, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ohun tó kù. Mo fi í sílẹ̀ lásán. Awọ tó ń wọ̀ fúnra rẹ̀ tó fún un níhìn-ín. A ò sún mọ́ òkun bí Èkó, níbi tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti ń jẹ àlùmíníọ̀mù.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá tiwa. Eruku tó ń gbé wá láti aṣálẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ní hóró yanrìn kíkúnná nínú, yanrìn tó wà ní 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs. Bí eruku ọyẹ́ bá bà lé ìdérí yín tí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, sáńpépà lẹ fi nù ún. Lóṣù Ṣẹẹrẹ tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ọmọkùnrin kan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ìdérí tó ń dán lábẹ́ eruku, inú rẹ̀ dùn, ó sì fi àkísà gbígbẹ nù ún kí n tó lahùn. Ìlà roboto mẹ́fà ló fà sí i. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni, n kò bínú sí i. Mo ṣì ní láti padà sí nọ́ńbà 1000 nítorí wọn.

Ẹ bá mi sọ fún gbogbo ẹni tó ń fọ ọkọ̀ yín nígbà ọyẹ́: kí omi kọ́kọ́ ṣàn lórí rẹ̀, kí aṣọ tó tẹ̀ lé e.